Iyọ̀ àti Fínígà Kọ́ Ni Ó Ń Mú Aró Dúró Lára Pólò

Ìtokú, Abẹ́òkúta.

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú làálàá. Ní ojú ewé ọ̀rọ̀ ilé inú ìwé ìròyìn yín ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, òǹkàwé kan ṣàròyé pé pólò aláró tí òun rà fún ọmọ òun ní ọjà wa níhìn-ín ṣí lẹ́yìn ìfọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì, ó sì ba aṣọ funfun mẹ́ta jẹ́ nínú ọpọ́n kan náà. Arábìnrin tó ń bójú tó ojú ewé náà dá a lóhùn pé aró ayédèrú ni àwa aláró ìsinsìnyí ń lò, ó sì gbà á nímọ̀ràn pé kí ẹnikẹ́ni tó bá ra irú aṣọ bẹ́ẹ̀ rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ àti fínígà di ọjọ́ kejì, kí aró rẹ̀ lè dúró. Èmi kì í kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde, oníbàárà mẹ́rin ni ó ti bi mí ní ìsọ̀ mi bóyá mo ti fi fínígà sí tèmi. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ọmọ mi bá mi tẹ èyí ránṣẹ́ sí yín.

Agboolé aláró ni wọ́n bí mi sí. Kí n tó mọ ìwé kà ni mo ti mọ bí a ṣe ń gún ewé élú, tí a ń ṣù ú, tí a ń sá a, mo sì mọ bí a ṣe ń sẹ́ omi eérú láti inú ìkòkò tí a dá ihò sí nídìí. Nígbà tí mo dàgbà, mo ṣiṣẹ́ ọdún 19 ní ẹ̀ka ìrẹṣọ láró ti ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà tó ń ṣe ṣíńgílẹ́ẹ̀tì àti pólò, títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo padà wálé, mo sì ń rẹ pólò láró fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́, ẹgbẹ́ àti àwọn tó ń ṣe ọjọ́ ìbí. Ohun tí ọwọ́ mi ti ṣe, tí ojú mi sì ti rí, ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti iyọ̀ àti fínígà kúrò lọ́nà. Iyọ̀ wúlò fún aláró, àpò-àpò ni mo sì ń rà á. Bí òwú bá wà nínú omi, òun àti aró tí à ń lò fún un máa ń ti ara wọn sẹ́yìn, bí irin òòfà méjì tí a kọ ojú kan náà sí ara wọn. Iyọ̀ ni ó ń pẹ̀tù sí ìjà náà tí aró fi ń rí ààyè súnmọ́ aṣọ. Ṣùgbọ́n ìsúnmọ́ kò tíì di ìgbéyàwó. Sódà áàṣì, ìyẹ̀fun funfun tó ń ṣe iṣẹ́ omi eérú, ni ó ń so àwọn méjèèjì pọ̀, inú agbada aró sì ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Ní kété tí aṣọ bá ti jáde nínú agbada, iyọ̀ ti di ọ̀tá, nítorí pé òun ni yóò mú kí aró tí kò ráyè wọlé rọ̀ mọ́ ara aṣọ, tí kò ní jẹ́ kí omi gbé e lọ. Ẹni tó bá rẹ pólò sínú omi iyọ̀ nílé yóò rí i pé omi náà mọ́, inú rẹ̀ yóò sì dùn. Ó di ìfọ̀ tó tẹ̀lé e, tí kò sí iyọ̀ nínú omi mọ́, kí aró tó sá pamọ́ yẹn tó jáde sára aṣọ ẹlòmíràn. Ní ti fínígà, ohun kíkan ni. Aró irun àgùntàn àti ti sílíkì ni ó ń fẹ́ omi kíkan, mo sì rò pé ibẹ̀ ni àṣà náà ti wá. Omi tó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí omi eérú ni aró òwú ń fẹ́, àwọn ìyá wa mọ èyí kí ẹnikẹ́ni tó kó sódà wọ ìlú. Àwọn aró òwú kan tiẹ̀ wà tí ohun kíkan máa ń tú ìdè wọn díẹ̀díẹ̀, tó jẹ́ pé ẹni tó ń fi fínígà tọ́jú aṣọ rẹ̀ ń fọwọ́ ara rẹ̀ bà á jẹ́ ni.

Oríṣi aró méjì ni ó pọ̀ jù lọ́wọ́ wa. Èyí tó ń fẹ́ sódà áàṣì ni àwọn onímọ̀ méjì, Ian Rattee àti William Stephen, ṣàwárí lẹ́nu iṣẹ́ ICI, ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ìlú Manchester ní ọdún 1954, tó sì dé ọjà ní ọdún 1956 pẹ̀lú orúkọ Procion. Ohun tó jẹ́ tuntun nínú rẹ̀ ni pé ó máa ń di ara kan náà pẹ̀lú òwú, nígbà tí àwọn tó wà ṣáájú rẹ̀ kàn ń fara mọ́ òwú tàbí kí wọ́n há sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí aró yìí fi ń di òwú mú, ó lè fi di omi mú pẹ̀lú, omi sì yí i ká nínú agbada ju òwú lọ. Èyí tó bá ti fẹ́ omi kò lè fẹ́ òwú mọ́ láéláé. Yóò kàn jókòó sí ara aṣọ bí àlejò tí kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun dìde. Kò sí aláró kan láyé tí èyí kì í ṣẹlẹ̀ sí, ìbáà jẹ́ èmi lábẹ́ páànù tàbí ilé-iṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ olówó iyebíye. Ohun tó yà wá sọ́tọ̀ ni bí kálukú ṣe ń lé àlejò náà.

Omi tútù ni a kọ́kọ́ fi ń ṣan aṣọ náà, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí iyọ̀ lè kúrò lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a óò gbé omi kaná títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ hó, ìwọ̀n 90 sí 95 lórí tẹmómítà, a óò da ọṣẹ díẹ̀ sí i, aṣọ yóò sì máa yí nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. A óò ṣàn án, a óò tún un ṣe, títí omi yóò fi mọ́. Aṣọ dúdú àti èyí tó pọ́n dẹ̀dẹ̀ lè gba omi gbígbóná yìí lẹ́ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Àwọ̀ búlúù tó dà bí ojú ọ̀run, èyí tí àwọn oníṣòwò aró ń pè ní tọ́kọ́ísì, a máa le ju gbogbo wọn lọ, torí pé ó ń fẹ́ ooru kí ó tó dì mọ́ òwú. Ẹni tó bá fi omi tútù rẹ ẹ́ bíi ti ìyókù, ìdajì owó rẹ̀ ni yóò ṣàn lọ sí gọ́tà.

Ibi yìí gan-an ni àwa aláró ti ń ṣe màgòmágó, n kò sì ní fi bò. Omi wọ́n. Ẹni tó ń ra omi táńkà, tó ń ra gáàsì tàbí igi ìdáná, tó sì ní pólò 200 láti kó jáde ní Ọjọ́bọ̀, yóò ṣan aṣọ lẹ́ẹ̀kan nínú omi tútù, yóò sá a, yóò lọ ọ́, yóò kó o sínú ọ̀rá, ó parí. Àwọ̀ rẹ̀ yóò kún fọ́fọ́ lójú oníbàárà, yóò tiẹ̀ dùn ún wò ju ti ẹni tó fọ̀ ọ́ dáadáa lọ, nítorí pé àti aró tó wọlé àti aró tó jókòó síta ni ojú ń rí. Oníbàárà ni yóò wá bá a parí iṣẹ́ nínú ọpọ́n ara rẹ̀. Mo lè fi owó lé e pé bí ti òǹkàwé yín ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Aró gidi ni wọ́n fi rẹ aṣọ ọmọ rẹ̀. Iṣẹ́ ni wọn kò parí.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ kí ó tó sanwó lè dán an wò. Kí ó mú aṣọ òwú funfun tó mọ́, kí ó rẹ ẹ́ sínú omi, kí ó fún un, kí ó tẹ́ ẹ lé pólò náà níbi tí kò hàn, kí ó wá gbé irin ìlọṣọ gbígbóná lé e títí yóò fi gbẹ. Bí aró bá gun aṣọ funfun náà, ìfọ̀ kò tó. Ní ìsọ̀ tí kò sí iná, kí ó fi áńkáṣíìfù gbígbẹ ra ojú aṣọ náà ní ìgbà mẹ́wàá, kí ó tún fi èyí tó tutù ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn yàrá ìdánwò ní káàdì aláwọ̀ eérú tí wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀ láti 1 dé 5, tí 5 jẹ́ èyí tí kò yọ rárá. Ojú ènìyàn àti ọmọlúàbí ọkàn náà tó ìwọ̀n fún ìyá tó wá ra aṣọ ọmọ.

Oríṣi aró kejì ni èyí tí ọ̀pọ̀ ìyá ń lò ní Ìtokú, tó ń fẹ́ kọ́sítíìkì sódà, ìyẹn sódà líle tó ń bó ara, àti ìyẹ̀fun tí à ń pè ní háídrọ́ọ̀sì. Ìlú Jámánì ni wọ́n ti ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀, ní ọdún 1901, René Bohn ti ilé-iṣẹ́ BASF ni ó ṣe é, ṣùgbọ́n ìbátan élú ni ní ìṣe. Kò lè yòrò nínú omi bí ó ṣe wà. Háídrọ́ọ̀sì ni ó ń yí i padà tí ó fi ń yòrò tí òwú fi ń mu ún, bí a bá sì yọ aṣọ síta tí atẹ́gùn fẹ́ sí i, yóò padà sí àwọ̀ rẹ̀, yóò há sínú òwú. Tí ó bá ti ṣe dáadáa, ó le ju ti sódà áàṣì lọ. Tí kò bá ṣe dáadáa, ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé háídrọ́ọ̀sì kò tó, tàbí kí ó ti kú nínú àpò tí wọ́n ṣí sílẹ̀ láti oṣù tó kọjá. Aró kò ní yòrò tán, ìyẹ̀fun rẹ̀ yóò dúró sójú aṣọ. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ lè má yọ púpọ̀ nínú omi, ṣùgbọ́n yóò máa lẹ̀ mọ́ ọrùn, mọ́ abíyá, mọ́ àga ọkọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwọ̀ omi inú agbada gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí àwọ̀ tí à ń wá. Bí ó bá ṣì jọ ọ́, kò tíì ṣe tán, kí aláró ní sùúrù. Aró yìí náà ń fẹ́ omi ọṣẹ tó ń hó lẹ́yìn tí atẹ́gùn bá ti fẹ́ sí i, àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò sì pọ̀. Kí n tó kúrò níbẹ̀: ẹ bá wa kìlọ̀ fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ pé kọ́sítíìkì ni kí wọ́n dà sínú omi, kí wọ́n má da omi lé kọ́sítíìkì lórí, kí wọ́n sì pa àpò háídrọ́ọ̀sì mọ́ kúrò níbi tí òjò ti ń jò. Mo ti rí àpò kan tó ń rú èéfín lẹ́yìn òjò òru, iná kò sí lágbègbè rẹ̀.

Mo ti sọ ti ìfọ̀ ìkẹyìn, àmọ́ ìdajì àbùkù tí wọ́n ń kà sí aró lọ́rùn ti wà lára pólò kí ó tó fojú kan agbada. Aṣọ pẹlẹbẹ tí àwọn ìyá wa ń ta lẹ́kọ, òwú ìdúró àti òwú ìbú ni ó kọjá lórí ara wọn. Pólò kò rí bẹ́ẹ̀: abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ni ó ń fi òwú kan ṣoṣo kọ́ ojú mọ́ ojú, bí ẹni ń wun fìlà, àwọn abẹ́rẹ́ yẹn kò sì lè sáré láìsí òróró. Òróró náà wà lára aṣọ. Òwú fúnra rẹ̀ tún ní ọ̀rá àdánidá tí Ọlọ́run fi bò ó nínú oko. Tí ó bá wá jẹ́ pólò tí wọ́n ti rán tán ni a rà, wọ́n ti fi oògùn ìmúṣọrọ̀ sí i kí ó lè rọ̀ lọ́wọ́ oníbàárà, oògùn náà a sì máa lé omi. Ẹ kán omi ẹyọ kan sí ara rẹ̀. Bí ó bá wọlé lójú ẹsẹ̀, aṣọ ti ṣe tán láti mu aró. Bí ó bá dúró bí ìrì lórí ewé kókò, ẹ má tíì ronú aró rárá. Ẹ kọ́kọ́ sè é nínú omi tí ọṣẹ àti sódà áàṣì wà nínú rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 30 sí 45, kí ẹ ṣàn án, kí ẹ tún kán omi sí i. Àbàwọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tó máa ń hàn ní àyà àti ní ẹ̀yìn pólò, tí oníbàárà ń pè ní aró burúkú, ọ̀rá tí a kò sè kúrò ni ó sábà máa ń jẹ́.

Àwọn kan a tún máa fi oògùn ìfọṣọfunfun bó aṣọ kí ó lè mọ́ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ láró. Kò burú, bí wọ́n bá ṣàn án tán. Ìyókù oògùn náà tó bá kù sínú aṣọ ni yóò jẹ aró tí a bá dà lé e, pàápàá aró sódà áàṣì, àwọ̀ yóò wá hàn yẹ́lẹ́yẹ́lẹ́ níhìn-ín, yóò kún lọ́hùn-ún. Ní ilé-iṣẹ́, oògùn ìfọṣọfunfun tó ń jẹ́ pẹrọ́ksáìdì ni a ń lò, a sì ní ẹ́ńsáìmù tó ń pa ìyókù rẹ̀ kí aró tó wọlé. Ní ẹ̀yìnkùlé, omi púpọ̀ àti sùúrù ni ẹ́ńsáìmù wa.

Omi ni ènìyàn ń kọ́kọ́ tẹ̀ kí ó tó tẹ iyanrìn, mo sì yẹ kí n ti sọ̀rọ̀ omi ṣáájú gbogbo èyí. Bohóòlù tó wà ní àgbàlá mi, bí a bá fa omi rẹ̀ tí ó sì sùn mọ́jú nínú dúrọ́ọ̀mù, ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò pọ́n bí ìpẹtà. Irin ni ó wà nínú rẹ̀. Irin yìí a máa pa iná inú àwọ̀, tí pupa yóò fi ṣú, tí ìyeyè yóò fi dà bí ẹrẹ̀; bí ó bá sì bá pẹrọ́ksáìdì pàdé lára aṣọ, ó lè dá ihò tín-ín-tìn-ìn-tín sí i, àwọn kan a sì ní kòkòrò ni ó jẹ ẹ́. Omi mìíràn wà tí ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀: ẹfun inú rẹ̀ ni ó ń gbá aró jọ bí iyẹ̀pẹ̀ sára aṣọ, tó ń yọ bí ìfọ́fọ́ nígbà ìfọ̀. Ìyá mi kì í fi omi kànga kan rẹ aṣọ tó bá ní ọlá, omi òjò ni ó ń gbà sílẹ̀ fún un. Mo rò nígbà náà pé èèwọ̀ Ìyá Màpó, òrìṣà àwa aláró, ni. Mo ti wá mọ̀ pé ó mọ omi ju èmi tí mo lọ sí ilé-iṣẹ́ lọ. Ẹni tí kò ní omi òjò lè jẹ́ kí omi bohóòlù sùn, kí ó rọra bu ti òkè lò, kí ó sì béèrè oògùn tó ń di irin àti ẹfun lọ́wọ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta aró.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ti jẹ ìyà ẹ̀bi tí kì í ṣe tèmi rí. Ní ilé-iṣẹ́ wa ní ọdún kan, a rẹ aṣọ pólò ẹrù ńlá kan ní búlúù tó ṣú. Nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ iná, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ yí i ká láti òkè délẹ̀, ọ̀kan ṣú, ọ̀kan mọ́. Alábòójútó ní àwa aláró kò po aró wa dáadáa, wọ́n sì gé owó oṣù wa. Bàbá kan tó wà ní yàrá ìdánwò, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, gé ìwọ̀nba díẹ̀ nínú aṣọ náà, ó sè é nínú kọ́sítíìkì àti háídrọ́ọ̀sì títí àwọ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára rẹ̀. Ìlà ṣì wà níbẹ̀. Ó tú òwú ìlà tó ṣú àti òwú ìlà tó mọ́, ó wò wọ́n, ó wọ̀n wọ́n, ó sì hàn pé òwú láti inú ẹrù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbé sórí ẹ̀rọ kan náà. Òwú tó gbó dáadáa lóko àti èyí tí kò gbó kì í mu aró bákan náà, kò sí bí aláró ṣe lè po aró rẹ̀ tí yóò fi bò ó. Èyí tó gbẹ sórí igi kí ó tó gbó rárá náà ni ó ń yọjú bí ẹ̀yà funfun wínníwínní lára aṣọ dúdú. Ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ní ilé-iṣẹ́ tiwa, ìka tó wà nítòsí ni wọ́n gé, owó wa kò sì padà.

Bí pólò bá yí, tí ojú rírán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wá síwájú ikùn, ẹ má bá aláró jà. Lílọ́ tí wọ́n lọ́ òwú ni ó fẹ́ tú, omi gbígbóná sì fún un láyè. Bí ó bá sún kì lẹ́yìn ìfọ̀, nínà ni wọ́n ti nà án lórí ẹ̀rọ, ó ń padà sí bó ṣe yẹ kí ó rí. Èmi a máa ra ìwọ̀n tó tóbi díẹ̀ fún oníbàárà mi nítorí rẹ̀. Kí a má sì fi èjìká rẹ̀ kọ́ sórí okùn nígbà tí omi wà nínú rẹ̀, àfi kí a ṣẹ́ ẹ po lórí okùn tàbí kí a tẹ́ ẹ sílẹ̀. Òwú ìránṣọ tó kù funfun láyìíká ọrùn aṣọ dúdú, pọ́líẹ́sítà ni, aró òwú kò lè wọ ara rẹ̀. Ọ̀ràn pọ́líẹ́sítà yìí ló tún wà nínú àwọn pólò ìpolongo ìbò tí àwọn ọ̀dọ́ ń kó wá kí n sọ di dúdú: ìdajì nínú wọn kì í ṣe òwú, dúdú wọn kì í kọjá eérú. Mo máa ń fa fọ́nrán kan yọ, mo máa ń fi iná kàn án. Òwú a jó bí ìwé, eérú rẹ̀ a sì fẹ́. Pọ́líẹ́sítà a yọ́, a di kókó líle.

Àbùkù kan ṣì wà tó jẹ́ tiwa pátápátá, òun sì ni ti ìwọ̀n. Oníbàárà gba pólò 40 ní oṣù kẹta, ó padà wá gba 10 sí i ní oṣù karùn-ún, àwọ̀ méjèèjì kò sì bára mu. Ṣíbí àti agolo mílíìkì ni a fi ń wọn aró, ọwọ́ ni a fi ń bu iyọ̀, ojú ni a fi ń wọn omi. Aró kan fúyẹ́ ju èkejì lọ nínú ṣíbí kan náà. Ẹ jẹ́ kí a ra òṣùwọ̀n kékeré, irú èyí tí àwọn oníkéèkì ń lò. Pólò bíi 5 tàbí 6 ni kìlógíráàmù 1. Bí mo bá fẹ́ àwọ̀ tó mọ níwọ̀n, gíráàmù 20 aró sódà áàṣì ni mo ń lò fún kìlógíráàmù kan, omi lítà 10, iyọ̀ gíráàmù 500, sódà áàṣì gíráàmù 200. Dúdú a máa gba aró tó ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, iyọ̀ rẹ̀ a sì pọ̀ sí i. N kì í da iyọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, mo ń pín in sí mẹ́ta, n kì í sì í da sódà gbígbẹ lé aṣọ lórí. Mo máa ń po ó, mo máa ń rọra dà á, aṣọ yóò sì máa yí. Ẹni tó bá dà á lẹ́ẹ̀kan yóò rí ojú àwọ̀ tó fọ́. Nínú adìrẹ, ìdì àti okùn a máa bo àṣírí wa, a tiẹ̀ máa ń pe àṣìṣe ní ọnà; pólò aláwọ̀ kan kì í bo àṣírí ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ aró ayédèrú yìí kì í sì í ṣe tuntun ní Abẹ́òkúta. Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí àwọn oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí ráhùn pé adìrẹ kò dára bíi ti tẹ́lẹ̀, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fòfin de kọ́sítíìkì sódà àti aró òyìnbó, àwọn ìyá aláró sì fárígá, torí pé oúnjẹ wọn ni. Mo máa ń ronú pé ká ní ẹnì kan béèrè nígbà náà bí kálukú ṣe ń fọ aṣọ rẹ̀ kí ó tó gbé e lọ sọ́jà, bóyá ọ̀rọ̀ náà ì bá gba ibòmíràn lọ. Ohun kan náà ni mo ń bẹ arábìnrin tó ń bójú tó ojú ewé ọ̀rọ̀ ilé pé kí ó béèrè nísinsìnyí. N kò ní kí ó má bá wa wí. Kí ó ní kí àwọn oníbàárà máa bi aláró pé omi gbígbóná mélòó ni aṣọ yìí rí, kí wọ́n sì gbà láti san owó omi náà, torí pé ẹni tó ń wá pólò tó pọ́ọ́kú jù lọ lọ́jà ń ra èyí tí wọn kò fọ̀. Kí ó sì jọ̀wọ́ yọ ti iyọ̀ àti fínígà kúrò nínú ìmọ̀ràn rẹ̀ ní ojú ewé kan náà tó ti kọ ọ́.

Ní ti òǹkàwé yín, kí ó má tíì sọ aṣọ náà nù. Kí ó ṣan iyọ̀ àti fínígà kúrò lára rẹ̀ bí ó bá ti gbọ́ ìmọ̀ràn yẹn, kí ó gbé omi kaná títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ hó, kí ó fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, kí ó rẹ pólò náà nìkan sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ó ṣàn án, kí ó tún un ṣe títí omi yóò fi mọ́. Àwọ̀ tó bá kù lẹ́yìn náà ni àwọ̀ tó rà, kò sì ní kúrò mọ́. Aṣọ funfun mẹ́ta tó bàjẹ́, bí kò bá tíì fi irin ìlọṣọ kàn wọ́n, omi ọṣẹ gbígbóná kan náà lè yọ púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí kò bá sì ráyè, kí ó fi pólò náà ránṣẹ́ sí yín, kí ẹ fi ṣọwọ́ sí mi. N óò bá a sè é lọ́fẹ̀ẹ́. Àmọ́ bí òwú ìránṣọ ọrùn rẹ̀ bá funfun, kí ó má retí pé yóò yí padà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Ìyá Aláró, Ìtokú.